Sàídátù Gun Òkè Àwọn Sójà

Nígbà tí Àwẹ̀ró, ìyá ọkọ Sàídátù, kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé náà dá páropáro. Àwọn méjèèjì nìkan ló ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí Mùíbì, ọmọ kan ṣoṣo tí Sàídátù bí, ti bá iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà lọ sí Àbújá. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyá àgbà tán tí àwọn ẹbí sì ti túká, Sàídátù á jí láàárọ̀, á gbálẹ̀ àgbàlá tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ láti àná, á wá jókòó. Mùíbì dé nígbà tí òjò ọdún náà dáwọ́ dúró. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo àgbàlá.

"Màámi, ẹ ò lè máa dá gbé níbí. Ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́, ká jọ máa lọ."

Bí Sàídátù ṣe di ará Àbújá nìyẹn, ní ìparí ọdún 1989. Kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń pè é ní ìyá arúgbó, nítorí bó ṣe ń múra àti bó ṣe ń rìn.

Dúrùmí ni Mùíbì ń gbé, nínú yàrá méjì tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́, tí wọn ò tíì rẹ́ lára. Tírélà ló ń wà. Ó ń kó sìmẹ́ńtì àti irin wá fún àwọn tó ń kọ́ ìlú tuntun náà, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ kan lójú ọ̀nà kó tó wá sùn nílé. Fèyí ìyàwó rẹ̀, ọmọ Kàbà, ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti máa ń pọn ọmọ rẹ̀ kékeré jáde lọ bọ́ọ̀sì, á gbé e sílẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ nítòsí ọ́fíìsì. Fèyí kì í ṣe èèyàn burúkú. Á kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, á tún kúnlẹ̀ kí i nírọ̀lẹ́, á bi í bóyá ó jẹun. Ṣùgbọ́n láàárín ìkíni àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, Sàídátù nìkan ló ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí èèyàn bá ń gbálẹ̀, ẹni tó ń kọjá á kí i. Níhìn-ín, àwọn tó yí i ká ń sọ Gbàgyí, wọ́n ń sọ Haúsá, wọ́n ń sọ Tífì. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni ní Haúsá, "sànnu" àti "yauwa." Bí ọ̀rọ̀ bá ti wá ju ìyẹn lọ, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á wọlé. Ẹnì kan ṣoṣo tó gbọ́ èdè rẹ̀ ládùúgbò náà ni Mùnírátù, obìnrin ará Ìlọrin tó ń ta ọṣẹ àti iyọ̀ níwájú ilé tó kángun sí tiwọn.

Lẹ́yìn ilé, níbi tí Sàídátù ti ń sá aṣọ, ó máa ń rí òkè àpáta kan lọ́ọ̀ọ́kán. Nǹkan funfun kan dúró ṣánṣán lórí rẹ̀. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá kàn án, á máa tàn yanran. Lọ́jọ́ kan, Mùnírátù wá yá garawa, Sàídátù sì nawọ́ sí òkè náà.

"Kí ni nǹkan funfun yẹn?"

"Òkè àwọn sójà là ń pè é, Ìyá Mùíbì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣèrántí àwọn sójà tó kú lógun. Bó bá di oṣù kìn-ín-ní, àwọn ọ̀gá wọn á wá síbẹ̀, wọ́n á fun fèrè, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀."

"Àwọn sójà tó kú lógun wo?"

"Gbogbo ogun ni, mo rò. Èyí tí wọ́n bá àwọn Ìbò jà yẹn náà wà níbẹ̀."

Sàídátù di ìró tútù mú lọ́wọ́, omi ń ro sí i lẹ́sẹ̀. Mùnírátù gbé garawa lọ, ó bọ̀, ó bá a níbi tó fi í sílẹ̀ sí.

Nígbà tí Mùíbì dé, ó sọ fún un pé òun fẹ́ dé orí òkè náà.

"Kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀, Màámi?"

"Mo kàn fẹ́ rí i."

"Kò burú. Tí mo bá ti Kàdúná dé, màá gbé yín lọ."

Ó ti Kàdúná dé, ó tún lọ sí Oníṣà. Ó ti Oníṣà dé, ó sùn fọnfọn, ó jí, ó tún lọ. Kò mẹ́nu ba òkè mọ́, ìyá rẹ̀ náà kò sì bi í mọ́.

Ọyẹ́ ti mú gan-an lọ́jọ́ tí Sàídátù pinnu láti dá lọ. Ó wẹ̀, ó wọ bùbá àti ìró tó mọ́, ó fi ìbòrí bo orí rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún Mùnírátù.

"Ṣé ẹ mọ bọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ máa wọ̀?" ni Mùnírátù béèrè. "Ẹ jẹ́ n ti ìsọ̀ mi ká jọ lọ."

"Rárá, má ti ìsọ̀. Èmi nìkan ni kí n lọ."

Mùnírátù júwe bọ́ọ̀sì fún un. Kọndọ́kítọ̀ bọ́ọ̀sì tó wọ̀ kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ "sójà," tó sì rí i tó ń nawọ́ sókè, ó mi orí pé òun mọ ibẹ̀. Bọ́ọ̀sì gba àwọn ọ̀nà fífẹ̀ tí kò sí ilé kankan létí wọn. Ilé gogoro wà lápá kan, kò ní fèrèsé, irin yọ sókè lórí rẹ̀ bí irun tí wọn ò dì. Típà ń kọjá lọ́tùn-ún lósì, eruku pupa bo gbogbo wọn. Wọ́n já a sílẹ̀ nísàlẹ̀ òkè, bọ́ọ̀sì lọ. Kò sí ẹlòmíì tó bá a sọ̀.

Àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ òkè náà. Nígbà tó dé ìdajì, àtẹ̀gùn tán, ó ku àpáta àti ipa ẹsẹ̀. Sàídátù sinmi, ó gùn, ó tún sinmi. Ọyẹ́ gbẹ ẹ́ lẹ́nu. Kò gbọ́ ohùn èèyàn kankan, àfi atẹ́gùn àti ẹ̀rọ kan tó ń lù gbàù gbàù lọ́nà jíjìn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé.

Bó ṣe yọ orí sókè ni sójà kan pariwo mọ́ ọn.

"Kai! Màmá!" Ó tún sọ nǹkan mìíràn ní Haúsá. Ìbọn wà léjìká rẹ̀.

Sàídátù dúró. "Sànnu," ló ní. Lẹ́yìn náà ó sọ sí ara rẹ̀ pé, "Olúwa, mi ò mọ ohun tí ọmọ yìí ń wí."

Sójà náà sún mọ́ ọn. "Ṣé Yorùbá ni yín ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá."

Ojú rẹ̀ tú ká. "Ọmọ Ìkìrun ni mí, Màmá. Òjó lorúkọ mi. Ẹ kú ọ̀nà o. Wọn kì í fẹ́ kí aráàlú máa gòkè wá báyìí. Ta lẹ ń wá?"

"Ọkọ mi."

Òjó wẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹnì kan lè wà lẹ́yìn òun. "Ṣé ibí ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́?"

"Ogun ni wọ́n lọ. Wọn ò dé."

 Ọmọkùnrin náà yà kúrò lọ́nà, Sàídátù sì kọjá.

Orí òkè náà tẹ́jú, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Òpó funfun kan dúró láàárín, ó tó èèyàn méjì ní gíga, ògiri kékeré kan sì yí i ká. Sàídátù rìn yí òpó náà po, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára bó ṣe ń lọ. Ó tutù. Lápá kan, wọ́n kan pátákó irin kan mọ́ ọn tí wọ́n kọ Òyìnbó sí.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Òjó kà á sínú, ó ronú díẹ̀ kó tó túmọ̀ rẹ̀. "Wọ́n ní ká má gbàgbé àwọn tó fi ẹ̀mí ara wọn lélẹ̀ kí orílẹ̀-èdè yìí lè wà ní ọ̀kan."

"Orúkọ wọn dà?"

"Kò sórúkọ níbẹ̀, Màmá. Wọ́n pọ̀ jù."

"Ibo wá ni wọ́n sin wọ́n sí? Ṣé abẹ́ sìmẹ́ńtì yìí ni?"

"Wọn ò sin ẹnikẹ́ni síbí. Wọ́n kàn fi ṣèrántí ni."

"Ẹn-ẹ́n," ni Sàídátù wí. Ó lọ jókòó sórí ògiri kékeré náà, ó kọjú sí ìlú.

Gbogbo Àbújá ló tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú ọyẹ́: ilẹ̀ pupa tí wọ́n hú, ọ̀nà ọ̀dà dúdú tí wọ́n fà gbọọrọ láti ibì kan sí ibì kan, òrùlé páànù tó ń dán, ilé tó parí àti ilé tó kù díẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké ń lọ, ń bọ̀. Ó wò wọ́n títí. Nígbà tí Yínúsà ọkọ rẹ̀ lọ sógun, igbó ni gbogbo ibi wọ̀nyí. Bí Yínúsà bá jí nísinsìnyí tí wọ́n gbé e wá síbí, kò sí ohun tí yóò dá mọ̀. Ó ṣeé ṣe kó má dá òun Sàídátù pàápàá mọ̀.

Káfíńtà ni Yínúsà. Kì í ṣe èèyàn tó ga, bẹ́ẹ̀ ni kò sì lè kọrin, ṣùgbọ́n kò sígbà tó fá pákó tí kì í kọrin. Mùíbì ò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà tí wọ́n gbà á sí iṣẹ́ sójà. Káákì tí wọ́n fún un fẹ̀ jù ú lọ́rùn. Sàídátù rí i bó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń fi ọwọ́ kó ọrùn aṣọ náà jọ, tó ń rẹ́rìn-ín. "Bá mi tọ́jú Màámi," ohun tó sọ gbẹ̀yìn nìyẹn. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí ìròyìn rẹ̀ fi dákẹ́.

Ogun parí. Àwọn kan padà, àwọn kan ò padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni ọkùnrin kan tó ń tiro wá béèrè ilé wọn. Bámiṣayọ̀ lorúkọ rẹ̀, òun àti Yínúsà jọ wà pọ̀ ni. Ó jókòó lórí pèpéle, kò gba omi tí wọ́n gbé fún un. Ó ní létí Àsàbá ni, wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi sọdá Odò Ọya. Àwọn ọ̀tá ń yìnbọn láti òdìkejì. Ọkọ̀ dà. Yínúsà kò mọ omi í wẹ̀. Bámiṣayọ̀ rí i tó di pákó kan mú, ó sì rí i nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ yọ lára pákó náà.

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Àwẹ̀ró fi gbé ọmọ odó.

"O rí òkú ẹ̀? Mo ní, ṣé o rí òkú ẹ̀?"

"Ìyá, omi ni—"

"Dìde nílé mi! Ọmọ mi ò kú! Dìde!"

Bámiṣayọ̀ tiro jáde, kò sì padà wá mọ́. Àwẹ̀ró wá yíjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ yẹn nínú ilé òun, ọmọ kékeré yẹn kò sì gbọdọ̀ gbọ́ ọ láéláé. Ó ní kò sí tákàbá, kò sí aṣọ ọ̀fọ̀, kò sí ẹkún.

"Tí o bá sunkún, ìwọ lo pa á."

Sàídátù kò sunkún. Ó ń se oúnjẹ alẹ́, ó ń bu ti Yínúsà sọ́tọ̀ sínú àwo, ó ń dé e, nítorí ìyá rẹ̀ ní ó lè dé nígbàkúùgbà. Láàárọ̀, Mùíbì á jẹ ẹ́ kó tó lọ sílé ìwé. Ọmọ náà fi oúnjẹ bàbá rẹ̀ dàgbà. Jàbárù, ọkùnrin alápatà kan ládùúgbò, rán èèyàn wá lẹ́ẹ̀mejì pé òun fẹ́ fi Sàídátù ṣaya. Èèyàn dáadáa ni Jàbárù, Sàídátù náà sì mọ̀ ọ́n. Ó dá a lóhùn pé òun ní ọkọ.

Orí òkè ló ti ń ro gbogbo ìwọ̀nyí. Lẹ́yìn náà ó la ẹnu rẹ̀. "Bàbá Mùíbì," ló kọ́kọ́ sọ, bó ṣe máa ń pè é nígbà tó wà nílé. Ohùn rẹ̀ kò dé ibì kankan. Ó wá pè é ní orúkọ tí kò fìgbà kan pè é rí, nítorí obìnrin kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ.

"Yínúsà."

Ìgbà yẹn ni ẹkún dé. Kì í ṣe ẹkún kékeré. Ó rọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ó mú kó fi orí gbá orúnkún ara rẹ̀. Òjó gbé ìbọn rẹ̀ lọ sí eteetí òkè, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń wo ìlú bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́ síbẹ̀. Nígbà tó gbọ́ tí ẹkún náà rọlẹ̀, ó gbé ìgò omi rẹ̀ wá.

"Ẹ mu omi, Màmá."

Ó mu ún. Òjó lóṣòó sítòsí rẹ̀.

"Àbúrò bàbá mi kan náà lọ sógun yẹn," ló wí. "Wọn kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀ nílé wa. Mi ò tiẹ̀ mọ ojú ẹ̀."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

Ọmọkùnrin náà ronú. "Mi ò mọ̀, Màmá," ló sọ níkẹyìn, ojú tì í.

Sàídátù dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó súre fún un, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ìsàlẹ̀, ó ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Mùíbì wà nílé. Ó ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́, Fèyí ń fún ọmọ lọ́mú lórí àga, nígbà tí Sàídátù jókòó sí iwájú rẹ̀.

"Mùíbì, mo fẹ́ ṣe tákàbá bàbá rẹ."

Ọwọ́ ọmọ rẹ̀ dúró nínú ọbẹ̀. "Kí lẹ ní, Màámi?"

"Mo fẹ́ jókòó ṣọ̀fọ̀ wọn. Mo ti dé orí òkè yẹn. Àsìkò tó."

"Ta ló sọ fún yín pé wọ́n kú?"

Fèyí dìde jẹ́ẹ́jẹ́, ó gbé ọmọ bọ́ sí ìta.

"Mo ní, ta ló sọ fún yín?" Ohùn Mùíbì ti lọ sókè. "Ṣé nítorí Ìyá Àgbà ti kú ni? Wọn ò tíì ṣe ọdún kan ní sàréè, ẹ ti fẹ́ pa ọmọ wọn! Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ń fojú rí? Kò sí ibùdókọ̀ tí mo dé ní gbogbo apá ibẹ̀ yẹn, Oníṣà, Ẹnúgù, Abá, tí n kì í béèrè ọkùnrin Yorùbá kan, Yínúsà, káfíńtà, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin kan mú mi lọ bá bàbá Yorùbá kan lẹ́bàá Abá báyìí. Ìjẹ̀bú ni bàbá náà. Èmi àti ẹ̀ jọ jókòó, a ń wo ara wa. Kí lẹ rò pé mo tìtorí ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ wíwà?"

Sàídátù ò mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàdé rẹ̀. Láti ọdún wọ̀nyí wá, òun ń dá ti òun rò ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ náà ń dá tirẹ̀ wá kiri lójú títì.

"Mùíbì," ló wí, ó rọra sọ ọ́, "ẹnì kan wá sọ fún wa."

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un: Bámiṣayọ̀, pèpéle, ọkọ̀ tó dà, pákó. Ó sọ ohun tí Ìyá Àgbà fi ọmọ odó ṣe, àti ọ̀rọ̀ tó sọ nípa ẹkún. Mùíbì ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tó parí.

"Odò wo?"

"Odò Ọya. Létí Àsàbá."

"Àsàbá." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí ọbẹ̀ ti gbẹ sí. "Afárá wà níbẹ̀, Màámi. Orí ẹ̀ ni mo máa ń gbà. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo ti gba orí ẹ̀ kọjá. N ó máa kọrin, n ó máa fun fèrè ọkọ̀."

Ó dìde, ó wẹ ọwọ́, ó wọ bàtà. Ọjọ́ kejì ló yẹ kó rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yẹn gan-an ni wọ́n gbọ́ ìró tírélà rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń ké, tó ń jìnnà lọ.

Mùnírátù ló mú Sàídátù lọ bá Alfa Ṣítù, ìmáàmù mọ́sáláṣí kékeré táwọn oníṣòwò Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́ ládùúgbò náà. Àgbàlagbà ni alfa, ó sì ní sùúrù. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dópin. Ó bi í bóyá ẹni tó mú ìròyìn wá jẹ́ ẹni tó ṣeé gbàgbọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́ lọ́jọ́ tó gbọ́ ọ. 

"Mo gbà á gbọ́, Alfa. Lójú ẹsẹ̀ ni mo gbà á gbọ́."

"Tákàbá ò sí mọ́, ìyá mi," ni Alfa Ṣítù wí. "Láti ìgbà tí ọkọ bá ti kú ni wọ́n ń kà á, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Tiyín ti parí ó ti pẹ́. Kò sí ohun tó kù tẹ́ ẹ máa jókòó tì. Ẹ ti wà lómìnira láti ìgbà yẹn."

Ó rò pé ìròyìn ayọ̀ lòun sọ. Sàídátù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà ilé, ó dúró sídìí igi kan, kò lè lọ mọ́. Mùnírátù bi í ohun tó ń dùn ún.  Jàbárù ló ń rò, tó ti fẹ́ ẹlòmíì, tó ti di bàbá ọmọ púpọ̀. Ó ń ro àwọn ọdún tó fi ń dé àwo oúnjẹ. Gbogbo ìgbà yẹn, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, òun sì jókòó sínú yàrá, ó rò pé wọ́n ti í. Kò sí ẹni tó lè bínú sí mọ́. Ìyá àgbà ti lọ, ìyá àgbà náà sì fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ni.

"Bá mi padà sọ́dọ̀ alfa," ló wí lẹ́yìn-ọ-rẹyìn. "Kí wọ́n bá mi kírun sí ọkọ mi lára. Ìyẹn ò lè ti kọjá."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ṣe é. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Alfa Ṣítù sọ fún àwọn èèyàn pé arákùnrin wọn kan kú láìsí ẹni tó kírun sí i lára, kí wọ́n dúró. Àwọn tó ń ta páànù, àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe, àwọn tí kò fojú kan Yínúsà rí, wọ́n tún tò lẹ́sẹẹsẹ. Sàídátù àti Mùnírátù wà lẹ́yìn, níbi táwọn obìnrin ń dúró sí. Fèyí náà wá. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó fi gèlè bo orí, ó jókòó sí ìta lórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀, nítorí pé Kristẹni ni. Nígbà tí alfa ń tọrọ àforíjìn, ó dárúkọ náà ketekete: Yínúsà ọmọ Sàkáríyà. Ó dà bí àjèjì létí Sàídátù, orúkọ ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó wo ẹnu ọ̀nà títí wọ́n fi parí. Mùíbì kò dé.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá láìsí ìròyìn rẹ̀. Fèyí ní kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Sàídátù ń fọ aṣọ, ó ń sá a, ó ń ká a. Wọ́n ṣe àjọ̀dún àwọn sójà lórí òkè, ó gbọ́ fèrè láti ẹ̀yìnkùlé, kò lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Mùíbì wọlé. Ó ti rù, eruku bo irùngbọ̀n rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, kò sì tètè dìde. Nígbà tó jókòó, ilẹ̀ ló jókòó sí, kò gun àga.

"Mo dúró létí odò náà, Màámi."

"O dúró?"

"Mo gbé mọ́tò dúró ní Àsàbá, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sétí omi. Àwọn apẹja wà níbẹ̀. N ò béèrè ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ wọn." Ó nu eruku ojú rẹ̀. "Mo kí bàbá mi. Mo sọ fún wọn pé èmi Mùíbì ni, pé mo ti bímọ. Mi ò mọ ohun tó tún yẹ kí n sọ, mo wá jókòó."

Sàídátù gbé ọwọ́ lé e lórí, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré tí ara rẹ̀ bá gbóná.

"Ṣé odò náà fẹ̀?"

"Ó fẹ̀ gan-an, Màámi. Téèyàn bá dúró lórí afárá, kò mọ̀. Ìsàlẹ̀ lèèyàn ti ń mọ̀."

Fèyí gbé oúnjẹ wá, ó rí wọn, ó gbé e kalẹ̀ ó sì padà. Àwọn méjèèjì jókòó bẹ́ẹ̀, ìyá lórí àga, ọmọ nílẹ̀, títí tí yàrá fi ṣókùnkùn tí ẹnì kan fi ní láti dìde lọ tan iná.